Àbúrò, òbòkún ni kí o ṣọ́ra fún

Àbúrò, o ní o fẹ́ lọ ju ìwọ̀ sódò Ọ̀ṣun níhà Ìjẹ̀bú báyìí tí àkọ́rọ̀ òjò ti dé, o wá ń béèrè irú ìjẹ tó yẹ. Ekòló ni ìjẹ. Òjò ti lé wọn jáde, gbẹ́ ẹ̀yìn balùwẹ̀, wàá rí wọn. Ìyẹn ò le.

Ẹja òbòkún ló le. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tèmi. Ẹ̀gún mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, eyín wà lára wọn bíi ti ayùn. Tí ẹ̀rù bá bà á, á nà wọ́n gbọnrangandan. Lọ́jọ́ yẹn omi pupa, mo fa ọ̀kan sókè, mo gbá a mú láti òkè bí ẹní mú ẹ̀pìyà. Ó gbọnra lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀gún wọ ìdí àtàǹpàkò mi. Mo fà á, ó kán síbẹ̀. Kí n tó dé èbúté, ọwọ́ ti wú dé ọrùn ọwọ́.

Nọ́ọ̀sì tí mo bá ò wo ojú egbò. Ó ní igi ló gún mi. Mo ní ẹja ni, ó ní ṣé èmi ni máa kọ́ òun níṣẹ́ ni. Bándéèjì àti parasítámọ́ọ̀ ló fún mi. Ọjọ́ kẹsàn-án, ọyún ń tú. Dókítà mìíràn ló là á, tó fa egungun kan jáde, ó gùn tó hóró ìrẹsì méjì, eyín rẹ̀ ṣì pé. Títí dòní àtàǹpàkò náà kì í ká tán, inú mi ò sì tíì rọ̀ sí nọ́ọ̀sì yẹn.

Bó bá gún ọ, ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná tí kò ní bó ọ, kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ooru máa ń pa oró náà. Gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, má sì kúrò níwájú wọn tí wọn ò bá wo inú egbò.

Má sì wo ojú ọ̀run Ìjẹ̀bú nìkan o. Òjò Òṣogbo àti Ẹdẹ ń gba ìdídò Aṣéjirẹ́ bọ̀ wá bá wa. Tí o bá rí koríko tútù tó ń ṣàn kọjá, káwọ̀ rẹ, gòkè. Ẹja wẹ́wẹ́ tó léfòó láàárọ̀, má ṣa á. Àwọn kan ṣì ń da Gamalin, oògùn apakòkòrò, sódò láti fi pẹja, àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó mú wọn kì í sì í yọjú.

Mú púláyà dání. Fi bàtà tẹ òbòkún mọ́lẹ̀ kí o tó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀.