Tuntun, refurbished tàbí tòkunbọ̀: kọ̀ǹpútà kékeré wo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ní business centre kékeré kan ní Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn. Iṣẹ́ wa ò ju ká tẹ project àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ká wo èsì WAEC, ká tẹ ìwé ìgbàwọlé JAMB jáde, ká sì ṣe káàdì ìpè díẹ̀díẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí mo ń lò ti gbó, wọ́n sì ń jẹ iná. Mo fẹ́ fi mẹ́rin nínú àwọn pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ rọ́pò wọn. Ní Queen Cinema, ẹnì kan ní kí n ra tuntun, èkejì ní refurbished ló dáa, ẹ̀kẹta fi tòkunbọ̀ hàn mí, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àwọn yòókù dáadáa. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, mà. Fún irú iṣẹ́ tiyín, ẹ ra refurbished tàbí tòkunbọ̀ tó mọ́, tí prósẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jẹ́ 8th generation (ìran kẹjọ) sókè, kí ẹ sì fi owó tó bá ṣẹ́kù ra SSD (disk tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí) tó dáa àti UPS. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí orúkọ "refurbished" nìkan fi kún owó.

Refurbished gidi ni kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù ti lò fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, tó wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó tú u, tí wọ́n gbọn eruku inú rẹ̀, tí wọ́n pa ohun tó wà lórí disk rẹ́, tí wọ́n pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, tí wọ́n dán an wò, tí wọ́n sì kọ wárántì sílẹ̀ fún ẹni tó bá rà á. Tòkunbọ̀ ni èyí tó ti inú kọ̀ǹténà jáde bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ "refurbished" tí ẹ máa bá lọ́jà, tòkunbọ̀ tí wọ́n fi aṣọ nù, tí wọ́n sì gbé Windows mìíràn lé, ni. Kò burú, ó lè sìn yín dáadáa, ṣùgbọ́n owó tòkunbọ̀ ni kí ẹ san lé e. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: kí lẹ pààrọ̀ nínú rẹ̀? Ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lóòótọ́ á dárúkọ nǹkan, pé SSD ni, bátìrì CMOS (bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago ẹ̀rọ) ni, paste orí prósẹ́sọ̀ (tó ń gbé ooru kúrò lórí rẹ̀) ni. Ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan á ní, "Ó neat gan-an, mà."

Oríṣi kẹrin wà tí ẹ ò dárúkọ, ìyẹn àlòkù tí wọ́n lò ní Nàìjíríà níbí. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti nà án fún ọdún púpọ̀. Àyàfi tí ẹ bá mọ ẹni tó lò ó, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí nọ́ńbà, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Tí wọ́n bá ní "Core i5 ni", ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé i5 náà. i5-6500T, 6th generation ni. i5-8500T, 8th ni. i5-10500T, 10th ni. T tó wà ní ìparí ń sọ pé wáàtì 35 ni wọ́n ṣe prósẹ́sọ̀ náà fún, ìyẹn ló ń jẹ́ kó lè gbé inú àpótí kékeré láìgbóná jù. i5-6500T ní core (apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀) mẹ́rin, i5-8500T ní mẹ́fà. i3-8100T pàápàá ní mẹ́rin, nítorí náà i3 ti 8th á fi i5 ti 3rd generation sílẹ̀ sẹ́yìn, bó ti wù kí oníṣòwò pariwo i5 tó.

Ìdí kejì tí mo fi ń tẹnu mọ́ 8th ni Windows. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 ò sì gba prósẹ́sọ̀ Intel tó bá kéré sí 8th generation, ó tún ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ. Wọ́n máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 lé 6th àti 7th fún yín ní ìsọ̀, á sì ṣí. Àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí update fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní ìsọ̀ tí flash oníflash ń wọlé látàárọ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù wọn sí, ìyẹn ò ṣeé fi ṣeré.

Lára àwọn tó wọ 8th ni Dell OptiPlex 3060, 5060 àti 7060 Micro; HP ProDesk 600 G4 àti EliteDesk 800 G4 Mini; Lenovo ThinkCentre M720q àti M920q Tiny. Tí ẹ bá rí OptiPlex 3050, EliteDesk 800 G3 tàbí M710q, ti 6th tàbí 7th ni. Wọ́n jọra wọn lójú gan-an, ẹ ka nọ́ńbà wọn.

Tuntun ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló pín sí. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá: wárántì wà, prósẹ́sọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún àìpẹ́, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ bèèrè bóyá Windows wà nínú rẹ̀, torí FreeDOS tàbí Ubuntu ni wọ́n ń fi sínú òmíràn, ẹ sì máa ra Windows lọ́tọ̀. Èkejì ni àwọn kékeré láti Ṣáínà tó ń lo Intel N100. Prósẹ́sọ̀ yẹn jáde ní ọdún 2023, core mẹ́rin, wáàtì 6 péré. Ó tó fún Word àti íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sì í jẹ iná rárá. Ohun tó ń bí mi nínú sí i ni ọjọ́ tó bá bàjẹ́. Ta ni ẹ máa gbé e fún ní Ìbàdàn? Ẹ̀yà OptiPlex àti EliteDesk ò ṣòro rí lọ́jà, àmọ́ board ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì, kò sẹ́ni tó ń kó o. Nínú òmíràn, wọ́n ti lẹ RAM mọ́ board, kò ṣeé fi kún.

Owó dọ́là ló ń darí iye wọn, nítorí náà ìṣirò ni mo máa fún yín. Ẹ ro owó tòkunbọ̀ pọ̀ mọ́ owó SSD, adaptor gidi àti Windows. Tí àpapọ̀ rẹ̀ bá kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tuntun tó ní wárántì, ẹ ra tuntun.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "tuntun" tí kì í ṣe tuntun. Tí ó bá jẹ́ Dell, ẹ tẹ Service Tag rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà méje, sórí ìkànnì Dell, á sọ ìgbà tí wọ́n gbé e jáde àti ìgbà tí wárántì rẹ̀ parí. Lára HP ọ́fíìsì ti ìgbà G4 yẹn, ẹ wo serial: àmì kẹrin, tí ẹ bá ka lẹ́tà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà, ni òǹkà tó parí ọdún, karùn-ún àti kẹfà ni ọ̀sẹ̀. CZC832 ní ìbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 32 ọdún 2018. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, sì ní kí ẹni tó bá ń ta ọjà tí wọ́n ti lò tàbí tún ṣe jẹ́ kó hàn gbangba sí oníbàárà.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ lọ láàárọ̀, kí àyè lè wà láti lo bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé flash tí CrystalDiskInfo, CPU-Z àti HWiNFO (àwọn app tó ń yẹ disk, prósẹ́sọ̀ àti ìgbóná wò) wà lórí rẹ̀ dání, àti fóònù tó ní data.

Kí wọ́n tó tàn án, ẹ ní kí wọ́n ṣí i. Síkúrù kan ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tú u, ẹ ti ideri síwájú, ó ṣí. Eruku ò já mọ́ nǹkan, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ dànù. Ohun tí ẹ̀ ń wá ni ìpẹtà: àwọ̀ ewé tàbí funfun lára ihò USB àti lórí síkúrù, èyí tó ń fi hàn pé omi tàbí ọ̀rinrin òkun ti dé ibẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ẹ ka RAM náà. Irú ti laptop, DDR4, ló ń lò, àyè méjì ló sì ní. Ẹyọ kan 8GB sàn ju 4GB méjì lọ, torí ẹ lè fi 8GB mìíràn kún un lọ́la. Èyí tí ẹ fẹ́ fi ṣe káàdì ìpè nínú CorelDRAW, ẹ jẹ́ kó ní 16GB látìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tàn án pẹ̀lú adaptor tí wọ́n máa kó lé yín lọ́wọ́ gan-an, ẹ má gba ti orí káńtà wọn. Ẹ tẹ F2 fún Dell, F10 fún HP, F1 fún Lenovo, kí ẹ wọ BIOS, ibi ìtò ẹ̀rọ tó ń ṣí ṣáájú Windows. Tí ó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ẹ dìde. Wọ́n á ní àwọn á yọ bátìrì inú rẹ̀, á lọ. Kì í sábà lọ lára ẹ̀rọ ọ́fíìsì. Ẹ̀wọ̀n kejì wà tó burú ju ìyẹn: àwọn ilé-iṣẹ́ míì ò yọ orúkọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú ìwé wọn lọ́dọ̀ Microsoft. Ẹ ní kí wọ́n gbé Windows lé e ní tuntun, kí ẹ so ó mọ́ hotspot fóònù yín lásìkò tó ń ṣe setup. Tí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan bá yọ, tó ní kí ẹ tẹ email ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ náà ò tíì bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Tí Windows bá ṣí, ẹ tẹ slmgr /xpr sínú Run. Tí ó bá dáhùn pé permanently activated, ó dáa. Tí ó bá fún yín ní ọjọ́ tó máa parí, Windows àyálò ni, kò kọjá 180 ọjọ́. Ẹ ṣí CrystalDiskInfo: ẹ wo health SSD náà àti Power On Hours (iye wákàtí tó ti wà lórí iná). Ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí wọ́n ń pa nírọ̀lẹ́ máa ń lo nǹkan bíi wákàtí 2,000 lọ́dún. Tí ẹ bá rí 25,000, wọn ò pa á rí nìyẹn, fáànù rẹ̀ sì ti sáré tó bẹ́ẹ̀. Health tó bá wálẹ̀ ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ SSD náà tàbí kí wọ́n yọ owó rẹ̀.

Ẹ fi stress test CPU-Z sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ máa wo ìgbóná rẹ̀ nínú HWiNFO. Tí ó bá dúró lábẹ́ 85°C, kò sí wàhálà. Tí ó bá ń sáré lọ sí 100, paste orí prósẹ́sọ̀ ti gbẹ. Ìyẹn ò tó ohun tí ẹ fi máa kọ ọjà, owó paste ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ fi dín owó.

Nǹkan tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni adaptor. Dell máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tirẹ̀ ni wọ́n kì bọ̀ ọ́. Tí kò bá dá a mọ̀, á kọ ìkìlọ̀ sójú mọ́nítọ̀ nígbà tó bá ń tàn, ẹ tẹ F1 kọjá, Windows ṣí, gbogbo ẹ̀ wá ń rìn bí ìgbín. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ wo Speed lábẹ́ CPU: tí kò bá kúrò ní nǹkan bíi 0.8 GHz bó ti wù kí ẹ ṣiṣẹ́ tó, adaptor ni, kì í ṣe prósẹ́sọ̀. Dell àti HP ń lo 19.5V, Lenovo 20V, gbogbo wọn sábà máa ń jẹ́ wáàtì 65.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà dáadáa. Ihò DisplayPort, tí a ń so mọ́nítọ̀ mọ́, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ HDMI, wáyà tó ń ti DisplayPort lọ sí HDMI ni kí ẹ rà, torí èyí tó ń ti HDMI lọ sí DisplayPort ò ní ṣiṣẹ́ bí ẹ bá yí i padà. Púpọ̀ nínú wọn ò sì ní Wi-Fi, nítorí wáyà ni wọ́n fi so ó ní ọ́fíìsì. Tí aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ iná, bátìrì CMOS rẹ̀, CR2032, ló kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá, torí tí déètì tó wà lórí ẹ̀rọ bá ṣì, ọ̀pọ̀ ìkànnì á kọ̀ láti ṣí, ẹ̀yin á sì máa bú MTN.

Lórí iná: ẹ̀rọ kékeré pẹ̀lú mọ́nítọ̀ rẹ̀ á jẹ nǹkan bíi wáàtì 45, mẹ́rin á jẹ 180. Bátìrì inverter 200Ah tó jẹ́ 12V, tí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ kí ó má baà tètè kú, á gbé wọn fún wákàtí márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà. Àwọn ńlá tí ẹ ń lò báyìí lè tó 400 ní mẹ́rin, bátìrì kan náà ò ní tó wákàtí mẹ́ta. Ẹ má fi printer laser àti ẹ̀rọ photocopy sórí inverter kékeré. Ìgbà tó bá ń gbóná, ó máa ń fa iná púpọ̀ lójijì. Tí inverter yín bá ní bọ́tìnnì UPS mode, ẹ gbé e síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná ni kọ̀ǹpútà á máa pa tó máa tún tàn. Adaptor wọn ń gba 100V dé 240V, nítorí náà iná tó kéré ò ní pa á. Èyí tó bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani, òun ni UPS tàbí stabilizer wà fún. Nínú BIOS, ẹ wá AC Recovery tàbí After Power Loss, ẹ gbé e sí Off, kí ẹ̀rọ má baà dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá ń ṣe wá-lọ-wá-bọ̀.

Ẹ ra ẹyọ kan lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó ra mẹ́ta yòókù, kí gbogbo wọn sì jẹ́ model kan náà. Adaptor kan tí ẹ bá rà sílẹ̀ á bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu, RAM ọ̀kan á sì wọ èkejì. Lórí rìsíìtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ model, Service Tag tàbí serial, iye RAM àti SSD, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà, kí wọ́n tó bu ọwọ́ lù ú.