Mò ń gbé Texas, mo fẹ́ lọ dẹ elk ní Colorado: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, ọmọ ọdẹ ni mí láti Ṣakí. Mo ti ń pa àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní Texas níbí, mo sì ní gíríìn káàdì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó wà lórí físà iṣẹ́ fẹ́ lọ dẹ elk, ìbátan àgbọ̀nrín tó tóbi gan-an, ní Colorado lọ́dún tó ń bọ̀. A ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Irú ìbọn wo ló dáa? Láísẹ́ǹsì wo la máa gbà, ìgbà wo sì ni? Ṣé dandan ni ká sanwó fún amọ̀nà? Báwo la ṣe máa gbé ẹran náà dé Houston?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìbọn kúrò lọ́nà, torí òun ló rọrùn jù nínú gbogbo ohun tí ẹ bi mí. Bó bá jẹ́ .270, .308 tàbí .30-06 lẹ fi ń pa àgbọ̀nrín ní Texas, ẹ má wulẹ̀ ra òmíràn. Ọta tó lágbára, tí kò ní fọ́ sí wẹ́wẹ́ bó bá kan egungun èjìká, ni kí ẹ náwó lé. Òfin Colorado ní kí ẹnu ìbọn má kéré sí .24 ínṣì, kí ọta tí ẹ máa yìn fún elk má sì fúyẹ́ ju 85 grain (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọta) lọ. Ìbọn .243 bá òfin yẹn mu, àmọ́ mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé e lọ. Ẹ fi orúnkún kan lélẹ̀ yìnbọn dáadáa nílé, títí ẹ ó fi mọ ibi tí agbára yín mọ. Bí ẹ bá dé Colorado, ẹ tún yìn ín wò kí ẹ tó wọgbó, torí ojú ìbọn lè yẹ̀ nínú ìrìn àjò.

Ibi tó yẹ kí ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìdí òkú ẹran. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń ro bó ṣe máa rí elk. Àwọn tó ń ro bí wọ́n ṣe máa gbé e ò tó nǹkan. Akọ elk tó ti dàgbà máa ń tó 700 pọ́n-ùn, bí ìlọ́po márùn-ún àgbọ̀nrín Texas tí ẹ̀yin méjì lè wọ́ dé ìdí mọ́tò. Ẹ yọ awọ, ìfun, orí àti egungun kúrò, ẹran tó kù á ṣì tó 200 pọ́n-ùn, ó tiẹ̀ lè lé. Ẹni tó bá lè gbé 50 pọ́n-ùn sẹ́yìn lórí òkè tó dagun, láàárín igi tó ti wó lura wọn, ó gbìyànjú. Ẹrù mẹ́rin nìyẹn. Bí ẹran bá kú sí máìlì méjì sí ibi tí mọ́tò wà, ẹnì kan ṣoṣo á rin máìlì 14 kó tó kó o tán, 8 nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, máìlì 6 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Torí náà, ẹ mú máàpù, ẹ wọn máìlì kan àtààbọ̀ sí ojú ọ̀nà mọ́tò, kí ẹ má sì ṣọdẹ kọjá ibẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe dà pẹ̀lú: ó sàn kí ẹran kú sí òkè, kí ẹ máa gbé e sọ̀kalẹ̀, ju kó kú sí ìsàlẹ̀ kòtò lọ. Bí elk tó dáa bá dúró sí òdìkejì àfonífojì jíjìn nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, ẹ wò ó, kó máa lọ. Ẹ̀wẹ̀, bí ẹ bá lè rí ẹnì kẹta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le mú lọ, kódà kó má gbé ìbọn dání, ó wúlò fún yín ju awò olówó gọbọi lọ.

Ó wá kan láísẹ́ǹsì. Colorado Parks and Wildlife, tí a ń pè ní CPW, ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tà á. Ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tí kì í ṣe ará ìpínlẹ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni lọ́tìrì. Oṣù kẹta ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin sì ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó lè fi orúkọ sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti ra láísẹ́ǹsì kékeré kan, irú ti ẹran wẹ́wẹ́ tàbí ti tòlótòló ìgbà ìrúwé. Ìkejì ni èyí tí ẹ lè rà tààrà láìwọ lọ́tìrì: ti akọ elk, ní sáà kejì àti ìkẹta nínú àwọn àkókò tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ọdẹ ìbọn, ní ọ̀pọ̀ àgbègbè apá ìwọ̀-oòrùn. Inú oṣù kẹjọ ló ń jáde. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ta ti ọlọ́fà bẹ́ẹ̀ fún àlejò, ṣùgbọ́n láti 2025, lọ́tìrì ni wọ́n fi ń pín in ní apá ìwọ̀-oòrùn. Òfin wọn kì í dúró sójú kan, nítorí náà ìwé kékeré tí CPW ń gbé jáde lọ́dọọdún ni kí ẹ fi ṣe atọ́nà, ẹ má tẹ̀ lé ohun tí ẹnì kan sọ lórí YouTube lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Owó láísẹ́ǹsì akọ elk fún àlejò lé ní 800 dọ́là. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti January 1, 1949 síwájú gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé òun ti gba ẹ̀kọ́ ọdẹ. Colorado ń gba ti Texas. Àmọ́ bó bá jẹ́ “deferral”, ìwé tó ń sún ẹ̀kọ́ náà síwájú, tí Texas ń tà fáwọn tó ti dàgbà, lẹ ṣì ń lò, ìyẹn ò dúró fún ìwé ẹ̀rí. Ẹ tètè lọ gba ẹ̀kọ́ náà.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò yín, lọ́tìrì ni mo máa wọ̀, abo ni mo sì máa tọrọ. Láísẹ́ǹsì abo rọrùn láti rí ní ọ̀pọ̀ àgbègbè. Abo kì í wúwo tó akọ, bí 500 pọ́n-ùn ló máa ń wà, ẹran rẹ̀ sì rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ò ní máa fi awò ka ẹ̀ka ìwo kí ẹ tó yìnbọn: ní ọ̀pọ̀ àgbègbè, akọ tí ẹ máa pa gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka mẹ́rin lórí ìwo kan, tàbí kí ẹ̀ka tó wà lókè ojú rẹ̀ gùn tó ínṣì márùn-ún. Mo mọ̀ pé ìwo lẹ fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀. Ìyẹn á dúró de ìgbà míì. Ẹ má sì retí púpọ̀ jù: nínú ọdẹ márùn-ún tó ń wá elk ní Colorado, ó máa ń ṣòro kí ju ẹyọ kan lọ rí pa.

Sáà kejì, tó máa ń bọ́ sí òpin oṣù kẹwàá, ni mo fẹ́ fún yín. Sáà kẹta, nínú oṣù kọkànlá, lè dára jù fún ọdẹ, torí yìnyín máa ń lé elk sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Àmọ́ awakọ̀ Houston tí kò tíì wa mọ́tò nínú yìnyín rí ò gbọ́dọ̀ lọ kọ́ ọ ní oṣù kọkànlá lórí òkè. Ìpínlẹ̀ Wyoming tó wà nítòsí náà ní elk tó pọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ni ìforúkọsílẹ̀ wọn máa ń parí fún àlejò, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò ṣọdẹ ẹran ńlá nínú aginjù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láìmú amọ̀nà dání.

Ilẹ̀ Colorado á yà yín lẹ́nu. Ní Texas, ilẹ̀ onílẹ̀ ló ju 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ máa sanwó, ẹ máa jókòó sínú ahéré, kí àgbàdo máa já bọ́ látinú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹran wá bá yín. Ní Colorado, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ da oúnjẹ sílẹ̀ fún elk. Igbó ìjọba àpapọ̀ lẹ máa wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. White River National Forest nìkan, tó wà ní agbègbè Meeker, lé ní mílíọ̀nù méjì éékà. Routt náà wà lápá Craig àti Steamboat Springs. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ wà láàárín wọn, òfin ò sì fi dandan mú onílẹ̀ láti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ igi. Ẹ ṣáà ti wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ ti jẹ̀bi nìyẹn. Ẹ ra àpù máàpù tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn, irú onX, kí ẹ gbé máàpù ibẹ̀ sórí fóònù nílé, torí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí òkè.

Ní òpin oṣù kẹwàá, akọ elk kì í fi bẹ́ẹ̀ ké mọ́. Ìbọn àwọn tó ti wọgbó ṣáájú yín ti lé e wọnú igbó dúdú tó kọjú sí àríwá, níbi tí oòrùn kì í dé. Kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló ń yọjú sí etí pápá láti jẹko. Ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ láti Ṣakí, àmọ́ ti òkè yàtọ̀ díẹ̀: ní ìdájí, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi; bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, á yí padà, á máa gòkè. Nítorí náà, òkè ẹran ló yẹ kí ẹ wà lọ́sàn-án, kí òórùn yín má bàa dé imú rẹ̀. Ẹ tú eérú díẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lóòrèkóòrè kí ẹ lè mọ ibi tó ń fẹ́ sí. Aṣọ osàn tó ń tàn yòò tàbí píńkì jẹ́ dandan ní sáà ìbọn, 500 ínṣì onígun mẹ́rin ó kéré tán, pẹ̀lú fìlà àwọ̀ kan náà.

Nípa ti ara yín: Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Elk wà láàárín 8,000 sí 10,500 ẹsẹ̀ bàtà. Láti oṣù kẹrin ni kí ẹ ti máa gun àtẹ̀gùn ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀, pẹ̀lú àpò ìrẹsì 20 pọ́n-ùn nínú báàgì, kó sì di méjì tó bá yá. Ẹ dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ sun ìlú, ẹ mu omi, ẹ fi ọtí sílẹ̀. Orí fífọ́ àti èébì díẹ̀ lè wáyé. Bó bá ń le sí i, tàbí tí ẹnì kan jókòó tí kò sì lè mí dáadáa, ìsọ̀kalẹ̀ ni oògùn rẹ̀, lóru ọjọ́ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé àwọn ọdẹ òyìnbó kì í sábà dárúkọ, àmọ́ tó kan àwa gan-an: jẹ́nótáìpù. Ẹni tó jẹ́ SS ò gbọ́dọ̀ gbìyànjú irú ìrìn yìí láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ gbà fún un. Ti AS ló ń bọ́ lójú àwọn èèyàn, torí ara AS le koko ní Èkó, ó le koko ní Houston. Lórí òkè gíga, níbi tí atẹ́gùn tí à ń mí sínú ti dín kù, tí èèyàn tún ń fi agbára ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ AS lè dì nínú ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, kó sì bà á jẹ́. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ẹnì kan nínú yín bá jẹ́ AS, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lápá òsì lókè, ẹ má rò pé oúnjẹ ni. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere fún dókítà pé “sickle cell trait” ni. Kí ẹ méjèèjì mọ jẹ́nótáìpù ara yín kí ẹ tó gbéra.

Amọ̀nà kì í ṣe dandan ní Colorado. Èyí tó máa bá yín rìn, tó máa gbọ́únjẹ, máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Mi ò rò pé ẹ nílò rẹ̀. Ohun tí mo rò pé ẹ nílò ni nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń fi ẹṣin kó ẹran, kí ẹ ti bá a ṣàdéhùn iye tó máa gbà ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbowó irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ Colorado. Ẹ bi í ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ sì gba àdéhùn lórí ìwé.

Bí ẹran bá ṣubú, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí káàdì tó wà lára láísẹ́ǹsì, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ooru lọ̀tá yín. Awọ elk nípọn bí dùfẹ́ẹ̀tì, ẹran ìdí itan sì lè ti máa kẹ̀ nítòsí egungun nígbà tí òde rẹ̀ ṣì tutù lọ́wọ́. Ẹ dà á dẹ̀gbẹ́, ẹ la awọ láti ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, ẹ gé apá àti itan, ẹ fa ẹran ẹ̀yìn yọ ní gígùn, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ egungun ìhà tó kẹ́yìn fún ẹran tó wà lábẹ́ egungun ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ fi àpò aláṣọ gbé e kọ́ sábẹ́ òjìji. Ẹ jẹ́ kí ohun tó ń fi hàn pé akọ tàbí abo ni ṣì wà lára itan kan, torí agbófinró máa bi yín. Òfin ní kí ẹ kó gbogbo apá, itan, ẹran ẹ̀yìn àti ẹran abẹ́ egungun ẹ̀yìn. Ẹ̀dọ̀, ọkàn àti ṣàkì ò sí nínú dandan, àwọn òyìnbó sì ń fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹyẹ. Ẹ̀yin ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé pẹpẹsúùpù orí. Àrùn kan wà tó ń jẹ́ CWD, tó ń jẹ ọpọlọ elk àti àgbọ̀nrín. Fort Collins ní Colorado ni wọ́n ti kọ́kọ́ kíyè sí i ní 1967. A kò tíì rí i lára èèyàn, síbẹ̀ àwọn elétò ìlera ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran tó bá ní in. Ẹ kó orí lọ fún CPW kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Texas ò fẹ́ kí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn irú ẹran bẹ́ẹ̀ wọ ìpínlẹ̀ wọn, nítorí náà ẹ yọ egungun kúrò kí ẹ tó gbéra.

Ti ọ̀rẹ́ yín: gíríìn káàdì yín ò ní wàhálà. Ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà fún un láti fọwọ́ kan ìbọn, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Láísẹ́ǹsì ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún un, wà nínú ohun tó ń yọ ni. Kó gbà á ṣáájú, kó máa mú un rìn, kó sì bá lọ́yà tó mọ̀ nípa òfin ìgbélùú sọ̀rọ̀, torí ọ̀ràn ìbọn lè ba ìwé ìgbélùú jẹ́. Bí àkókò tí wọ́n fún un láti wà ní Amẹ́ríkà bá ti kọjá, láísẹ́ǹsì ò lè gbà á sílẹ̀.

Ọ̀nà délé láti Colorado lé ní 1,000 máìlì; ẹ máa gba Raton ní New Mexico, kí ẹ tó gba Dalhart àti Amarillo ní Texas. Kúlà ńlá méjì tó ti kún fún yìnyín á gbé ẹran abo kan délé bí ẹ bá ń da omi rẹ̀ nù, tí ẹ sì ń fi yìnyín kún un. Kí ìbọn wà nínú àpótí tí ẹ tì, láìsí ọta nínú rẹ̀. Ẹ lè fún ará ìjọ tàbí ẹbí nínú ẹran náà, àmọ́ títà ò bófin mu, bó ti wù kí ẹnì kan ní Houston bẹ̀ yín tó. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì máa fi mọ́tò tirẹ̀ gbé lára ẹran tí ẹ̀yin pa, ẹ kọ ìwé fún un: orúkọ yín, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, ọjọ́ tí ẹ pa á àti iye ẹran tí ẹ fún un, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.