Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Olùdarí Ní Kí N Yà, Ìkùukùu Wà Níwájú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí i yín. Amẹ́ríkà ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ wíwa bàálù, olùkọ́ mi sì ti buwọ́ lù ú pé mo lè máa dá rin ìrìn-àjò láti pápákọ̀ kan dé òmíràn. Nígbà tí mo lọ lákọ̀ọ́kọ́, mo bẹ àwọn olùdarí ọkọ̀ òfurufú tó wà nílẹ̀ pé kí wọ́n máa fojú rádà bá mi lọ, ìyẹn flight following. Nígbà tó yá, olùdarí ní kí n yà sí òsì, mo sì yà láì jiyàn, àfi bí mo ṣe rí ìkùukùu níwájú. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ̀rọ̀. Orí ló yọ mí tí ìkùukùu náà fi tú ká. Ǹjẹ́ kí n ṣì máa tọrọ ìrànlọ́wọ́ yìí, àbí kí n dúró títí n ó fi gba ìwé àṣẹ? Ṣé ó sì lè dípò ìwé ètò ìrìn-àjò, ìyẹn flight plan?

ÌDÁHÙN: Ẹ máa tọrọ rẹ̀, ẹ má sì dúró de ìwé àṣẹ kankan, nítorí ojú méjì kò tó fún ẹni tí ó dá wà, tí ó ń wo máàpù, tí ó ń wo epo, tí ó sì tún ń wá bàálù mìíràn kiri òfurufú. Ọ̀rọ̀ ìkùukùu yẹn ni kí a kọ́kọ́ yanjú, torí pé ibẹ̀ ni ewu wà. Òjò a máa hàn lójú rádà, ṣùgbọ́n ìkùukùu lásán kì í hàn níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ní kí ẹ yà sí òsì kò mọ ohun tí ó ń rán yín lọ bá. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ rí i. Òfin FAA, àjọ tí ó ń ṣàkóso ìrìn-àjò òfurufú ní Amẹ́ríkà, kò gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dá wà láyè láti fò níbi tí kò ti lè fojú rí ilẹ̀, tàbí níbi tí ojú kò ti ríran tó máìlì 3 ní ọ̀sán àti 5 ní òru, àṣẹ ìkẹyìn lórí ọkọ̀ náà sì wà lọ́wọ́ awakọ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ dákẹ́ kí ẹ máa ṣe tinú yín, nítorí òfin kan náà ní kí a tẹ̀ lé ìtọ́ni olùdarí, ẹ sọ fún un kíákíá pé, "Unable, clouds ahead," ìyẹn ni pé ẹ kò lè ṣe é, ìkùukùu wà níwájú. Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀ rárá. Olùdarí yóò wá ọ̀nà mìíràn fún yín, inú rẹ̀ yóò sì dùn ju pé kí ẹ wọ inú ìkùukùu lọ.

Ẹ tún sọ "student pilot" mọ́ orúkọ ọkọ̀ yín nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ pè. Mo mọ̀ pé ó máa ń ti àwọn kan lójú, ṣùgbọ́n FAA fúnra rẹ̀ ni ó gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti sọ ọ́, kí olùdarí lè rọra sọ̀rọ̀, kí ó sì fi ọkàn sí i yín. Bí ó bá dáhùn, ẹ sọ irú bàálù tí ẹ ń wà, ibi tí ẹ wà, gíga tí ẹ wà àti ibi tí ẹ ń lọ, yóò fún yín ní nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ ó fi dípò 1200, èyí tí àwọn tí ń fojú ara wọn fò máa ń lò, lórí transponder, ẹ̀rọ tí ó ń fi ọkọ̀ yín hàn fún rádà, yóò sì sọ pé, "Radar contact." Ó ti rí yín ni ìyẹn túmọ̀ sí, kò tíì fún yín ní àṣẹ láti wọ ibikíbi. Bí òfurufú Class B, ìyẹn èyí tí ó yí àwọn pápákọ̀ òfurufú ńláńlá ká, bá wà lójú ọ̀nà, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní pàtó pé wọ́n ní kí ẹ wọlé, olùkọ́ yín sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé yín fún òfurufú yẹn gan-an.

Ohun kan wà tí kì í sábà yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Olùdarí a máa fi ojú aago júwe bàálù mìíràn: agogo méjìlá ni iwájú, agogo mẹ́ta ni apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ipa ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀ lórí ilẹ̀ ni ó rí, kò rí ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ọ̀tún, tí ẹ sì ti yí imú ọkọ̀ sí ọ̀tún kí ó má baà gbé yín kúrò lọ́nà, bàálù tí ó pè ní agogo méjìlá yóò wà ní òsì imú ọkọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń tẹjú mọ́ iwájú gbọọrọ tí wọn kò rí nǹkan kan. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ sọ pé, "Negative contact". Ẹ má purọ́ pé ẹ ti rí i, nítorí lẹ́yìn irọ́ yẹn, ọrùn yín ni yíyẹra fún un wà. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo bàálù ni wọn yóò sọ fún yín, nítorí náà ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò níta.

Ní ti ìwé ètò ìrìn-àjò, rárá, kò dípò rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ olùdarí, ó lè kọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà, rádà kì í sì í rí ọkọ̀ tí ó bá wà nílẹ̀ jù. Nígbà náà ẹ padà sí 1200, kí ẹ máa bá máàpù yín lọ, èyí tí ó yẹ kí ẹ ti máa fi ìka tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Flight Service, àwọn tí ń fún awakọ̀ ní ìròyìn ojú ọjọ́ àti ìrànlọ́wọ́ ìrìn-àjò, ni ó ń tọ́jú ìwé ètò, ẹ̀yin ni ẹ ó sì ní kí wọ́n ṣí i. Bí ẹ bá balẹ̀, ẹ má gbàgbé láti pè wọ́n kí wọ́n pa á dé, nítorí bí ìṣẹ́jú 30 bá kọjá àkókò tí ẹ ní ẹ ó dé, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín.