Reserve tí a kò ṣí rí kọ́ ni reserve tuntun

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Cardiff ni mo ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi paraglider, aṣọ ńlá bí ìyẹ́ tí ènìyàn ń fi okùn rọ̀ mọ́, fò ni, mo sì ra harness àlòkù, ìjókòó tí a ń so mọ́ra yẹn. Reserve, páráṣúùtì àfipamọ́ tí a ń jù bí nǹkan bá yíwọ́ lókè, wà nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ti ní in fún ọdún 8, òun ò sì ṣí i rí, pé tuntun ni kí n kà á sí. Wọ́n ní kí n lọ tún un ká, àmọ́ owó ti tán lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè máa gbé e fò bẹ́ẹ̀ ná?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má gbé e fò. Ẹni tó tà á fún ọ lè má purọ́ o. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ohun tí a ò bá lò kì í gbó. Reserve ń gbó nínú àpò. Òógùn ẹ̀yìn rẹ, ìrì orí koríko, ooru inú búùtù mọ́tò, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀ lọ tí kì í rọ́nà jáde.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Nígbà òtútù, ẹgbẹ́ wa ní South Downs, àwọn òkè kan ní gúúsù England, máa ń háyà gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé kan. A ó so harness kọ́ sókè, olúkúlùkù á jókòó sínú tirẹ̀, á ju reserve rẹ̀, lẹ́yìn náà la ó tó tún un ká. Mo wà lára àwọn tó ń bá wọn ká a. Ọkùnrin kan gorí ìjókòó, mo ní kó máa wo iwájú, kó má wo ọwọ́ rẹ̀, kó fà á. Ó fà á, kò jáde. Velcro ẹnu àpò náà ti gan pa, nítorí velcro tí a kò ṣí fún ìgbà pípẹ́, ṣe ló túbọ̀ ń di ara rẹ̀ mú. Ọwọ́ méjèèjì ló fi fà á kó tó já bọ́. Nígbà tí a tú u, aṣọ náílọ́ọ̀nù náà ti lẹ̀ bí ẹ̀kọ tó mọ́ ewé. Ìka ni mo fi ń ṣí i ní ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Àwọn rọ́bà tó di okùn rẹ̀ ló tiẹ̀ dẹ́rù bà mí jù. Àwọn kan ti já fúnra wọn. Àwọn kan ti yọ́ mọ́ okùn, wọ́n di nǹkan rúsúrúsú tó ń mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ rọ́bà kéékèèké yẹn ni kí okùn lè máa tú jáde ní ìdì kọ̀ọ̀kan, tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, kí ó sì ti na tán kí aṣọ tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Bí rọ́bà bá ti já tẹ́lẹ̀, okùn á ti lọ́ mọ́ra nínú àpò. Bí ó bá yọ́, okùn ò ní tètè bọ́. Ẹni tí paraglider rẹ̀ ń yí lójú òfurufú lè máa já bọ̀ ní mítà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kò sì láyè láti dúró de okùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ gbogbo rọ́bà náà nígbàkigbà tí a bá tún reserve ká, àní bí ojú wọn bá ṣì dára. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi rọ́bà tí a fi ń di owó ṣe é. Èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe reserve náà bá sọ ni kí o lò.

Kí o tó náwó kankan, wo àkọlé tí wọ́n rán mọ́ ara aṣọ náà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀, ibẹ̀ la ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹni yẹn rà á. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló fi ọdún 10 ṣe òpin reserve. Tí tìrẹ bá ti pé ọdún 9 àbọ̀, bóyá kí o kúkú máa tọ́jú owó tuntun. Wo ìwúwo tó lè gbé pẹ̀lú. Ara rẹ nìkan kọ́ lo máa ṣírò, bí kò ṣe ìwọ, aṣọ òtútù rẹ, bàtà, harness, paraglider fúnra rẹ̀ àti omi tí o gbé dání. EN 12491, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù lórí reserve, sọ pé reserve tó gbé ìwúwo tó gbà jù kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju mítà 5.5 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré yẹn gan-an ni ẹni tó fò sílẹ̀ láti orí odi tó ga ní mítà kan àbọ̀ fi ń balẹ̀. Ẹsẹ̀ gbà á, àmọ́ kò rọrùn. Tí o bá wúwo ju ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó ń di ọ̀rọ̀ egungun.

Ní ti owó, lọ bá ẹgbẹ́ tó sún mọ́ ọ jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ abẹ́ BHPA, àjọ àwọn tó ń fi paraglider fò ní Britain, ló ń ṣe irú ọjọ́ ìtúnká tí mo sọ yìí, kì í sì í wọ́n. Má kàn gbé e fún ẹlòmíì kí o padà lọ gbà á. Dúró níbẹ̀, kí ìwọ gan-an jù ú. Ó yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, tí oòrùn ò sí, kó gbẹ dáadáa, ó kéré tán ọjọ́ kan. Kí wọ́n gbé aṣọ sójú iná láti wò ó bóyá ó lu. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá a padà sínú harness (ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú, ó sì ń dùn mí), tún jókòó sókè, tún fà á. Ọ̀tọ̀ ni kí a ká reserve dáadáa, ọ̀tọ̀ ni kó wọ inú harness yìí dáadáa. Píìnì tó ti ẹnu àpò pa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ kí okùn ọwọ́ ìfà, ibi tí a ń dì mú láti fa reserve, tó na débi tí yóò máa fa àpò. Ọwọ́ tìrẹ gan-an gbọ́dọ̀ tó o. Kí ìkọ́ irin tó so ó mọ́ harness le dáadáa, kí wọ́n sì fi nǹkan dè é kó má bàa dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, máa tún un ká lọ́dọọdún. Àwọn kan ń béèrè fún oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ìwé tó bá tìrẹ wá ni kí o tẹ̀ lé. Bí ó bá wọ omi òkun, fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí o sá a sí ibòji.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ fò ní Kwahu, ní Ghana, lásìkò Àjíǹde. Wọ́n ní wọ́n á so ó mọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n fò. Páráṣúùtì àfipamọ́ mélòó ni wọ́n ń gbé? Kí ló yẹ kó béèrè?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Orí òkè Odweanoma, nítòsí Atibie, ni wọ́n ti ń gbéra, Nkawkaw ni wọ́n ń balẹ̀ sí. Reserve kan ló ń gbé àwọn méjèèjì, ó tóbi ju ti ẹnì kan lọ, ó sì so mọ́ ibi kan náà tí àwọn méjèèjì rọ̀ mọ́, kí wọ́n lè jọ sọ̀ kalẹ̀. Kó béèrè ìgbà tí wọ́n tún un ká gbẹ̀yìn. Kó béèrè ibi tí ọwọ́ ìfà rẹ̀ wà, kó má bàa ṣèèṣì dì í mú. Kó wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ gbé e bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, kó wá ẹlòmíì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi páráṣúùtì bẹ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú rí ní Texas. Wọ́n kọ́ wa pé kí a já àkọ́kọ́ dànù kí a tó ṣí ìkejì. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti paraglider?

Ìdáhùn: Rárá. Tiwa, ọwọ́ la fi ń jù ú, paraglider ṣì wà lórí. Wo ọwọ́ ìfà, dì í mú, fà á, kí o sì fi gbogbo agbára jù ú síbi tí kò sí okùn. Jọ̀wọ́ rẹ̀! Àwọn kan ti di ọwọ́ ìfà mú ṣinṣin níbi tí ẹ̀rù ti bà wọ́n. Bí ó bá ti ṣí, tètè máa fa paraglider mọ́ra pẹ̀lú okùn ẹ̀yìn, torí bí àwọn méjèèjì bá ń fa ara wọn, eré ni wọn yóò gbé ọ wá sílẹ̀. Pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, tẹ orúnkún díẹ̀, kí o sì yí gbirigbiri bí o bá ti kan ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti sún mọ́ tí paraglider ò gbọ́ tìrẹ, má tún ìtúnṣe kankan gbìyànjú mọ́, jù ú. Láàárín àwọn tó ń lo Rogallo, reserve tó ṣeé darí, nìkan la ti ń rí àwọn kan tó ń lo ìkọ́ tí wọ́n lè fi tú paraglider kúrò, ìyẹn sì ń fẹ́ ìdánrawò gidi. Bí o bá fẹ́ gbìyànjú jíjù fúnra rẹ, lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lórí omi, bíi adágún Annecy ní Faransé tàbí Ölüdeniz ní Tọ́kì, pẹ̀lú ẹ̀wù tó ń léfòó àti ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró dè ọ́ nísàlẹ̀.