Jíìpù tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà nínú ẹrẹ̀: ṣé kí ẹ pa traction control ni àbí kí ẹ fi í sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o. Ẹ ní jíìpù yín tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà rì sínú ẹrẹ̀, pé bó ti wù kí ẹ tẹ iná tó, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn, iná kan tó ní àwòrán ọkọ̀ tó ń yọ̀ sì ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì yín ní kí ẹ máa pa traction control, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa yọ̀, kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀. Àbúrò yín ní ẹ ò gbọdọ̀ pa á láéláé. Ẹ wá ń béèrè ta ló tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì tọ̀nà, àmọ́ ẹrẹ̀ tí kálukú ń sọ ò rí bákan náà. Mo ti gba ìmọ̀ràn méjèèjì rí, méjèèjì ló sì rì mí.

Ọ̀nà oko kòkó bàbá mi, lẹ́yìn Ìdànrè, ni mo ti kọ́ ọ. Tó bá di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, tí kòkó ń pọ́n tí òjò ò sì tíì dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ibẹ̀ a máa rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ gbà bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọkọ̀ yín ò jọ ohun tó bàjẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bó ṣe ń yí, sẹ́ńsọ̀ kan náà tí ABS, búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, ń lò ni. Tí ẹsẹ̀ kan bá ń sáré yí ju àwọn yòókù lọ, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ó ń yọ̀, ọwọ́ méjì ló sì máa ń nà sí i. Ọwọ́ kìíní á fi búréèkì di ẹsẹ̀ yẹn nìkan mú. Ọwọ́ kejì á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, bí ẹ tilẹ̀ tẹ iná kanlẹ̀. Ọwọ́ kejì yìí lẹ rí lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà rí i, mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Àfonífojì kan wà lójú ọ̀nà wa, mo rọra sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun òdìkejì. Ẹrẹ̀ ti dí gbogbo ojú táyà pa, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń yọ̀. Mo gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀. Mo tẹ iná, kò gbọ́. Eré tí mo bá bọ̀ tán sí àárín òkè, ọkọ̀ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sẹ́yìn. Táyà tó wà nínú amọ̀ gbọ́dọ̀ yí kọjá bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, kó lè máa ju ẹrẹ̀ tó dí i lójú dànù, kó sì walẹ̀ kan ibi líle tó wà nísàlẹ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà, yíyọ̀ ni yíyọ̀, àfi kó dá a dúró. Lórí ọ̀dà tí òjò pa, ohun tó ṣe yẹn lè gba ẹ̀mí là. Lórí òkè amọ̀, ó gba eré lọ́wọ́ yín níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀ jù.

Mo wá pinnu pé n ó máa pa traction control látorí ọ̀dà. Ibi tó tẹ́jú ni mo ti rì lẹ́ẹ̀kejì, bàbá mi sì wà nínú ọkọ̀. Katakata ti gbẹ́ ojú ọ̀nà ní kòtò kòtò. Ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì já sínú kòtò kan, ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún gbé sókè díẹ̀. Àwọn méjèèjì ń yí fìrìfìrì, àwọn méjì tó tẹ ilẹ̀ líle ò mira rárá. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù kékeré, differential, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì, kì í há, ẹsẹ̀ tó bá rọrùn láti yí ló máa ń fi agbára fún. Búréèkì tí kọ̀ǹpútà fi ń di ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ mú nìkan ló lè sọ fún agbára yẹn pé kó kọjá sí ẹnìkejì, èmi sì ti fọwọ́ ara mi pa á. Mo tẹ iná tagídí-tagídí títí abẹ́ ọkọ̀ fi jókòó sórí amọ̀. Bàbá mi, ẹni ọdún 71, bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà nínú òjò. Títí dòní ni ìyẹn ń dùn mí.

Nígbà tí a fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ tán, mo tan traction padà, mo sì tẹ iná níwọ̀nba, mo mú un dúró síbẹ̀. Ariwo gìrì-gìrì-gìrì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́. Búréèkì tó ń di ẹsẹ̀ mú ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ má gbé e. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí búréèkì ráyè ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún mú ilẹ̀, ọkọ̀ gòkè jáde.

Nítorí náà, kí n tó wọ ibi tí ẹrẹ̀ pọ̀, mo máa ń bọ́ sílẹ̀ wò ó ná. Tó bá jẹ́ kòtò kòtò, tí ẹsẹ̀ kan tàbí méjì lè gbé sókè, mo fi traction sílẹ̀, mo sì rọra rìn. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ gígùn tó rọ̀ délẹ̀, tàbí òkè amọ̀, mo pa á kí n tó wọ ibẹ̀, mo gbé eré tó mọ níwọ̀n bọ̀, mi ò sì dúró láàárín. Tí mo bá ti gun ọ̀dà padà, mo tàn án kí n tó sáré.

Bọ́tìnnì yẹn ò rí bákan náà nínú gbogbo ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, traction nìkan ló ń pa. Tí ọkọ̀ bá wà lójú kan tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ, ètò tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì á kú pẹ̀lú. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ọwọ́ kìíní ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, nínú àwọn mìíràn méjèèjì ló ń lọ. Bọ́tìnnì LOCK tó wà nínú RAV4 ọdún 2006 sí 2012 yàtọ̀ síyẹn: ó ń mú kí iwájú àti ẹ̀yìn jọ fà, ó sì ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ tí eré bá kọjá nǹkan bíi 40 kìlómítà ní wákàtí kan. Tí ti yín bá ní in, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rì.

Tí búréèkì bá ti di ẹsẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́, ó lè gbóná débi pé kọ̀ǹpútà á dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi kó tutù. Kò tíì bàjẹ́.

Èyí tí mi ò lè fi pamọ́ fún yín ni táyà. Táyà ọ̀dà ni mo lò ní ìgbà méjèèjì tí mo sọ yìí, ẹrẹ̀ kì í sì í já kúrò lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ra táyà tí ojú rẹ̀ jìn dáadáa, tó wà fún ọ̀dà àti oko, àfonífojì yẹn ò dá mi dúró mọ́. Mo tún máa ń dín atẹ́gùn rẹ̀ kù láti 32 psi sí 20 psi kí n tó kúrò lórí ọ̀dà, mo sì ní ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń fẹ́ ẹ padà kí n tó sáré. Owó tí ẹ fẹ́ san fún mẹkáníìkì láti wá ohun tó bàjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ fi kún owó táyà.

Ní báyìí, ẹ wá koríko tútù níbi tí kò sí èèyàn, ẹ pa traction, ẹ tẹ iná díẹ̀, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tó jìnnà sí táyà kó máa wo ẹsẹ̀ tó ń yí. Ẹ sọ ohun tó rí fún mi, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, n ó sì sọ bí ẹ ṣe máa gbà á kọjá níbi tó ti rì yẹn.