Owó àjọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba franchise mi jẹ́

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ gba franchise ilé oúnjẹ níbí ní Houston, ìyẹn àṣẹ láti fi orúkọ àti ìlànà ilé-iṣẹ́ ńlá ta oúnjẹ, o wá béèrè bóyá dandan ni kí èèyàn ti ta oúnjẹ rí kí wọ́n tó gbà á. Màá dé orí ìyẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà tèmi.

Fọ́ọ̀mù ni ilé-iṣẹ́ tó ni franchise máa kọ́kọ́ fún ọ, lẹ́yìn náà wọ́n á pè ọ́ lórí fóònù. Ìyẹn ò le. Wọ́n á yẹ kírédíìtì rẹ wò, wọ́n á wò ó bóyá o ti jẹ̀bi ẹjọ́ rí. Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, kò séwu.

Orí statement báńkì ni ogun mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó ìwé mi (mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ wọn) pè mí: "$36,000 yìí tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ló ti wá?" Mo ní owó àjọ ni. Ó ní kí ló ń jẹ́ àjọ? Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí: àwa méjìlá ni, $3,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù, èmi ni mo kó ti oṣù kẹrin. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá.

Mo lọ bá màmá tó ń gba àjọ nílé wọn lálẹ́ Sátidé. Wọ́n mú ìwé wọn jáde, ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù tí epo ti ta sí. Gbogbo oṣù ló pé síbẹ̀, wọ́n fi bírò pupa máàkì ẹni tó ti san. Ṣùgbọ́n orúkọ wo ló wà níbẹ̀? Ìyá Ìbejì. Bọ̀dá Onítáyà. Èmi náà rèé: Ìyá Kẹ́mi. Ìyá Kẹ́mi wo ni òyìnbó fẹ́ rí nínú páṣípọ́ọ̀tù mi? Mo bẹ màmá pé kí wọ́n bá mi fọwọ́ sí lẹ́tà kan. Wọ́n ní láéláé, kí ìjọba má baà wá sọ pé àwọn ń ṣe báńkì láìgbàṣẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi wá ẹ̀rí kiri. Àkọsílẹ̀ Zelle, ètò tí mo fi ń fi owó àjọ ránṣẹ́ lórí fóònù lóṣooṣù, ni mo wá tẹ̀ jáde níkẹyìn. Ọmọkùnrin yìí wò ó tán, ó ní ó dáa, àmọ́ $12,000 péré ló jẹ́ tèmi nínú rẹ̀, gbèsè ni $24,000 tó kù. Gbèsè kẹ̀! Inú bí mi débi pé mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Ìgbà tí ara mi rọlẹ̀ ni mo ṣírò rẹ̀: oṣù mẹ́jọ ṣì wà níwájú tí mo gbọ́dọ̀ dá. Kò parọ́. Owó tí èèyàn ò yá ni wọ́n ń wò. Mo dúró títí mo fi dá àjọ náà tán, kí n tó padà dé, wọ́n ti fún ẹlòmíì ní àdúgbò tí mo fojú sí. Nítorí náà, bí o bá ń dá àjọ, ìwọ ni kí o kó o kẹ́yìn. Ilé tí mo kọ́ sí Ìbàdàn? Wọ́n fi bírò fagi lé e, torí kì í ṣe owó tó wà lọ́wọ́.

Iye tí wọ́n ń fẹ́ ò dọ́gba o. McDonald's máa ń fẹ́ ó kéré tán $500,000 tí kì í ṣe owó yíyá. $10,000 ni Chick-fil-A ń gbà, gbogbo ayé ló ń sáré lọ síbẹ̀, wọn ò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù, o ò lè tà á.

Ṣọ́ra fún alágbàtà tó bá ní òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó fẹ́ ta franchise ló ń san owó fún un. Sọ fún ọkọ rẹ náà ní kùtùkùtù, torí ní Texas, ti tọkọtaya ni ohun tí wọ́n bá kó jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n á fẹ́ kí òun náà fọwọ́ sí ìwé oníduúró. Tèmi bínú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìwé ńlá kan tún wà tí wọ́n ń pè ní FDD (Franchise Disclosure Document), níbi tí ilé-iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ sọ bí franchise wọn ṣe rí fún ọ, abala 23 ló ní. Ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ fún ọjọ́ 14 ó kéré tán kí o tó fọwọ́ sí nǹkan tàbí san owó. Ṣí abala 20, orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó ti kúrò wà níbẹ̀. Àwọn ni kí o pè, má pe àwọn tí ilé-iṣẹ́ bá fi orúkọ wọn lé ọ lọ́wọ́.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè rẹ. Rárá, èyí tí mo gbà ò béèrè pé kí n ti ta oúnjẹ rí. Ìgbà tí wọ́n pè mí sí orílé-iṣẹ́ wọn fún Discovery Day, ọjọ́ tí àwọn àti ẹni tó fẹ́ gba franchise máa ń rí ara wọn lójúkojú, tèmi tún yọ: mo ní màá fi ata rodo díẹ̀ sí adìyẹ wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó jókòó ní ìgun tábìlì kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n tún pè mí, tí wọ́n ń bi mí bóyá mo lè tẹ̀ lé ìlànà ẹlòmíì. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa oúnjẹ, iye òṣìṣẹ́ tí o ti darí rí ni kí o sọ, àti ohun tí o máa ń ṣe bí méjì nínú wọn ò bá wá lọ́jọ́ Sátidé.