Ẹ má tíì fọ mọ́tò yẹn o, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tó ti ni ín

Ẹ kú oríire mọ́tò o, bọ̀dá mi. Ẹ ní tourer Alvis 12/50 ti 1928 lẹ rà, mọ́tò àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orí ẹ̀ ṣí sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó tún un ṣe rí, logbook àtijọ́ tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ni mọ́tò sí ti sọnù, V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò ti òde òní, ní èèyàn méjì ló ti ni ín ṣáájú yín, ẹni tó tà á sì búra pé ọwọ́ ìdílé kan ṣoṣo ló wà látìgbà tó ti jáde ní Coventry, báwo lẹ ṣe máa mọ òótọ́. Èmi náà ní irú ẹ̀ níbí ní Midlands, ojú mi rí nǹkan kí n tó to ìtàn ẹ̀ jọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé ẹ má tíì fọ̀ ọ́. Ẹ má gbé e fún ẹni tó máa kùn ún, ẹ má gbá abẹ́ àga ẹ̀, ẹ má yọ ohunkóhun kúrò lára gíláàsì iwájú, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ bó ṣe wà.

Ti V5C yẹn, ẹ má fi ṣe nǹkan kan. Iye èèyàn tó wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ látìgbà tí mọ́tò ti dórí kọ̀ǹpútà Swansea, níbi tí DVLA tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀ fún ìjọba wà, nìkan ni wọ́n ti ń kà á, 1974 sì ni Swansea ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ àwọn káńsù. Ṣáájú ìgbà yẹn, láti 1904, káńsù káúńtì àti ti ìlú ńlá ló ń kọ mọ́tò sínú lẹ́dà. Ẹ lè fi fọ́ọ̀mù V888 béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ DVLA, àmọ́ wọn kì í fi orúkọ àwọn tó ti ni mọ́tò tẹ́lẹ̀ síta bẹ́ẹ̀ mọ́ torí òfin àṣírí, ẹ má fọkàn sí i jù.

Lẹ́dà yẹn gan-an lẹ máa wá. Lẹ́tà ara nọ́ńbà ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ, WK jẹ́ ti Coventry, PU ti Essex, PK ti Surrey, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ti ju tiwọn nù nígbà tí Swansea gbaṣẹ́, àwọn míì wà nílé ìwé àtijọ́ ti káúńtì, ọ̀pọ̀ sì wà lọ́wọ́ Kithead Trust, àjọ tó ń tọ́jú ìwé mọ́tò àtijọ́, ní Droitwich. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má wulẹ̀ wo orúkọ àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ wá máa yọ̀, torí ó lè jẹ́ ẹni tó ń ta mọ́tò ló fi orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa gbé àwọn oníbàárà gun kiri. Ẹ wò ó dé ìparí ìlà, níbi tí wọ́n ti máa ń fagi lé orúkọ kan tí wọ́n á kọ òmíràn sókè ẹ̀.

Ẹ tún kọ̀wé sáwọn tó ń tọ́jú ìwé ilé iṣẹ́ Alvis, ẹ fi nọ́ńbà ṣáàsì, nọ́ńbà mọ́tò àti ti ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni irú bọ́ọ̀dì, ìyẹn ara mọ́tò, tó gbé jáde. Ọ̀pọ̀ sálúùnù, ìyẹn èyí tó ní òrùlé, ni wọ́n ti gé orí ẹ̀ dànù tí wọ́n sọ di tourer, torí tourer ló ń pa owó. Tí ìwé bá ní sálúùnù, ìtàn ẹni tó tà á fún yín ti fọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tèmi, torí ohun tí mo fi mọ̀ ọ́n, ara mọ́tò náà ló wà. Wọ́n ní àgbẹ̀ kan ló rà á ní tuntun, pé nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní 1939 ó tì í sínú abà, kò sì jáde mọ́. Ìtàn tó máa ń mú kí mọ́tò wọ́n nìyẹn. Ìgbà tí mo wá fi tọ́ọ̀ṣì wo etí mọ́dígáàdì iwájú dáadáa, mo rí ọ̀dà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ gíríìsì àti ìdọ̀tí, ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún, ó tiẹ̀ ṣàn wálẹ̀ níbì kan kó tó gbẹ, ó sì wà létí pákó ìtẹ̀sẹ̀ náà lọ́tùn-ún lósì. Nígbà ogun yẹn gbogbo ìlú ló máa ń ṣókùnkùn lálẹ́ torí bọ́ǹbù, ìjọba wá ní kí wọ́n kun etí mọ́tò ní funfun kó má baà kọlu èèyàn lójú títì. Mọ́tò tó wà nínú abà, ta ló ń kùn ún ní funfun?

Ni mo bá tú irin róńdó tí wọ́n máa ń fi láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti san owó orí mọ́tò, há sára gíláàsì nígbà yẹn. Àwọn èèyàn ayé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá gba láísẹ́ǹsì tuntun, wọ́n á kàn tì í síwájú ti tẹ́lẹ̀ ni. Ti 1961 ló wà níta, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, ti 1943 ló wà lẹ́yìn pátápátá, òǹtẹ̀ káńsù ṣì hàn lára ẹ̀. Ẹ wò ó, July 1942 ni ìjọba dá epo mọ́tò tí kì í ṣe ti iṣẹ́ pàtàkì dúró, ẹni tó bá ń gun mọ́tò ní 1943, iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń fi ṣe. Mo padà sínú lẹ́dà, mo mú orúkọ kejì àti àdírẹ́sì ẹ̀, mo wá a nínú ìwé ìkànìyàn 29 September 1939, dókítà ni. Àgbẹ̀ yẹn wà nínú ìtàn lóòótọ́, àmọ́ 1954 ló rà á, èèyàn mẹ́ta ti gùn ún kó tó kàn án. Bó sì ṣe dúró ní 1961 ò ṣòro láti mọ̀, 1960 ni wọ́n gbé àyẹ̀wò MOT dé fún mọ́tò tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ ló wọ abà nígbà yẹn torí bíréèkì wọn ò lè yege.

Dókítà ti kú, ìwé ogún tí ìjọba máa ń tẹ̀ lọ́dọọdún ló jẹ́ kí n mọ ọmọ tó jogún ẹ̀. Mo fi ọwọ́ kọ lẹ́tà sí wọn, mo sì sọ ọ́ gbangba pé mi ò tajà, mi ò béèrè owó, fọ́tò nìkan ni mò ń wá. Ó pẹ́ o, àmọ́ màmá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀ obìnrin dá mi lóhùn, wọ́n fi fọ́tò sí i, bàbá wọn dúró ti mọ́tò pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀dà funfun yẹn hàn kedere létí mọ́dígáàdì. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ẹ tètè kọ̀wé sí wọn, àgbà ni wọ́n.

Ọdún mélòó kan ṣì wà láàárín tí mi ò rí orúkọ kankan fún, láti 1947 sí 1950, mo sì fi í sílẹ̀ lófìfo nínú fáìlì. Àwọn kan máa gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ fi “bóyá” dí i, ẹ má gbà, ẹni tó bá ra mọ́tò lẹ́yìn yín á ka bóyá yẹn bí òótọ́.

Ohun kan tó kù, V5C kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti kú kí wọ́n tó tà á fún yín, ẹ gba rìsíìtì tí àwọn tó ń pín ogún ẹ̀ fọwọ́ sí báyìí tí wọ́n ṣì ń gbé fóònù yín. Kẹ́ ẹ sì sọ lẹ́tà tó wà lórí nọ́ńbà yẹn fún mi, màá bá yín wo ibi tí lẹ́dà ẹ̀ wà.